Kẹ̀kẹ́ Dára Fún Ara, Ṣùgbọ́n Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè Ọ̀nà

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere. Kì í ṣe ohun tí ẹnìkan sọ fún mi. Ojú mi ni ó ṣe.

Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, èmi kò sì mọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ọjọ́ tí dókítà wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 152 lórí 96. Bí ó bá sì ti ń dé 140 lórí 90 léraléra, ó ti di ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Dókítà fún mi ní oògùn, ó wá wò mí lókè nílẹ̀, ó ní: “Ọkọ̀ ni ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, àga ni ẹ ń jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ náà ni ẹ tún fi ń bọ̀ wálé. Ẹsẹ̀ yín kò ní iṣẹ́ kankan. Ẹ wá iṣẹ́ fún un.”

Òótọ́ ni ó sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá tí kò le jù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kẹ̀kẹ́ gígùn sì bá iṣẹ́ yìí mu, nítorí pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni ó ń gbé ara wa, kì í ṣe orúnkún wa. Ọkàn ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń lágbára, orúnkún kò sì jìyà púpọ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni ènìyàn yóò ti gun kẹ̀kẹ́ ní Èkó? Dánfó ní ọ̀tún, ọ̀kadà ní òsì, èéfín níwájú. Nígbà tí mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí mi ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Yewa tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995. Yewa kì í ṣe ilẹ̀ òkè gíga bí Ìdànrè. Síbẹ̀, kò sí odò kékeré kan tí kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìhà méjèèjì. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé odò, ẹ óò gun òkè kejì dandan. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Ìlaròó gba Ìbẹṣè kọjá kò wù mí, nítorí pé láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2012 ni tírélà ti pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Mo ní ọ̀nà tí ó dákẹ́ ni èmi yóò máa wá. Mẹ́ta ni mo rí, bí ìdákẹ́ wọn sì ṣe yàtọ̀ síra ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín.

Ọ̀nà kìíní ni ti Ayétòrò sí Ìmẹ̀kọ. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni mo gbéra, láìjẹun, pẹ̀lú ìgò omi kékeré kan. Inú mi dùn pé ọkọ̀ kò pọ̀. Èmi kò rántí pé bí a bá ti ń lọ sí ìhà àríwá ni igbó ń di ọ̀dàn, tí igi ìbòji ń dín kù, tí abúlé sì ń jìnnà sí ara wọn. Kí ó tó di aago méjìlá, omi ti tán, òòyì ń kọ́ mi, ẹsẹ̀ mi ń wárìrì ní ìdajì òkè kan. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń wọ́ kẹ̀kẹ́ títí mo fi kan ìyá kan tí ó ń sá láfún sórí àpáta. Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi mí jókòó sábẹ́ igi, ó fún mi ní omi, ó fún mi ní ẹ̀kọ mímu. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin ará Èkó, ṣé oòrùn kò sí lọ́dọ̀ yín ni?” Ojú tì mí. Ọ̀nà náà kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni kò bèèrè ìdí tí ó fi dákẹ́. Ó dákẹ́ nítorí pé omi àti ènìyàn jìnnà síra níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà ní ìhà Ọjà-Ọ̀dán, ó jẹ́ ọ̀nà erùpẹ̀ kan tí ó kọrí sí ẹnubodè. Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, ìdájí ni mo jáde lọ́tẹ̀ yìí. Mo pàdé bàbá àgbà kan lórí kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó, àdá ní ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ọmọ mi, níbo ni o ń lọ ní kùtùkùtù yìí?”

“Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Mo kàn ń gun kẹ̀kẹ́ nítorí ìlera ni. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ gbà. Kò ní ọkọ̀.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ó ní ọkọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ni kì í jáde lọ́sàn-án.”

A kò tí ì sọ̀rọ̀ tán tí ó fi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi mú, tí ó fà mí wọ inú koríko. Ọkọ̀ kan já jáde láti inú igbó, kò tan iná, àpò ìrẹsì kún un débi pé ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ó kọjá bí ìjì. Àwọn onífàyàwọ́ nìyẹn, wọ́n ń sáré kí ilẹ̀ tó mọ́ bá wọn. Bí kì í bá ṣe ti bàbá yìí, ẹlòmíràn ni ìbá máa kọ ojú ìwé yìí fún yín lónìí. Àyà mi kò balẹ̀ títí oòrùn fi yọ.

Bàbá ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Ọ̀nà oko ni ó mú mi gbà, èyí sì ni ọ̀nà kẹta. Bí a ti ń lọ ni à ń pàdé àwọn àgbẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o!” “Ẹ kú ìrìn o!” Àwọn obìnrin ń ru ẹ̀gẹ́, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá sọ fún mi pé nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ibi tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè, ní oṣù kọkànlá 2019, alùpùpù àwọn ọmọ òun dúró sílé, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ òun kò dúró. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè kan, mo fẹ́ fi agbára gùn ún. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń tì í lọ jẹ́jẹ́. Ó bá mi lókè, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀nà kẹta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wá. Òun náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ rẹ̀ ní ojú. Bí ẹ bá ṣubú níbẹ̀, ẹnìkan yóò kí yín kú ewu kí ẹ tó gbọn erùpẹ̀ ara yín nù. Nítorí náà, kí ẹ tó gun ọ̀nà kankan tí ó dákẹ́, ẹ bi ará ibẹ̀ pé: kí ni ó mú un dákẹ́? Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìbéèrè yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ìjà àgbẹ̀ àti darandaran mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní abúlé wọn ní Àríwá Yewa. Àlejò tí kò bèèrè kò lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí ó kù nìyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tí ó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kò sì gbọ́dọ̀ jáde láìjẹun àti láìmú ohun dídùn díẹ̀ sápò.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìwọ̀n rẹ̀ tó gẹ́lẹ́. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kedere kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì padà kí oòrùn tó mú. Omi lásán tó fún ìrìn wákàtí kan. Kò yẹ kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru máa bu iyọ̀ sí i. Ẹ dé akoto. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí etí ìró sún mọ́ ṣéènì. Apá ọ̀tún ọ̀nà ni kí ẹ máa gbà, gẹ́gẹ́ bí òfin Nàìjíríà ti wí láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìjánu méjèèjì ni kí ẹ máa fà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣàdédé fa ti iwájú nìkan lè ta kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi kẹ́yìn, ó jẹ́ 134 lórí 84. Èmi kò fi oògùn mi sílẹ̀ o! Kẹ̀kẹ́ kì í gba ipò oògùn. Ńṣe ni àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí mo bá tún ti dé ẹsẹ̀ òkè báyìí, mo máa ń rántí bàbá ará Ọjà-Ọ̀dán. Mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í lọ jẹ́jẹ́, ojú kò sì tì mí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ara ó le o.