Bí Ayé Inú Awò Ṣe Ń Dín Ìrora Egbò Iná Kù

Ìrora wíwẹ egbò iná le débi pé oògùn nìkan kì í sábà ká a. Ìdí nìyí tí Hunter Hoffman àti David Patterson ti yunifásítì Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi gbé SnowWorld kalẹ̀. Bí wọ́n ti ń wẹ egbò, aláìsàn yóò gbé awò kọ̀ǹpútà wọ̀, yóò máa ju ìṣù yìnyín nínú àfonífojì olótùútù. Ó mọ̀ pé àwòrán lásán ni. Síbẹ̀, ara rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ìrora a máa béèrè àfiyèsí. Bí ojú àti etí bá ti gba ọkàn lọ, díẹ̀ ló kù fún egbò. Àyẹ̀wò ọpọlọ tó jáde lọ́dún 2004 ti èyí lẹ́yìn. Àmọ́, kò rọ́pò oògùn, òòyì sì lè kọ́ àwọn mìíràn.