Ọjọ́ Ìkẹyìn Wa ní Ìlú Amsterdam

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni ó ń wí pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Nítorí náà ni a ṣe mú àwọn ọmọ wa méjèèjì, obìnrin ọmọ ọdún 13 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 8, láti Èkó lọ sí ìlú Amsterdam ní ilẹ̀ Họ́láǹdì fún ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi wọ ọkọ̀ kiri. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìkẹyìn, ìyá wọn wí pé: “Ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rìn lónìí. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kì í rí ẹnu ọ̀nà ilé dáradára.” Ìrìn ọjọ́ náà ni a fẹ́ ròyìn fún yín.

Iwájú ààfin ọba, ní gbàgede tí à ń pè ní Dam, ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1648 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ńlá náà láti fi ṣe gbọ̀ngàn ìlú, òpó igi 13,659 ni ó sì gbé e ró. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ púpọ̀. Nítorí èyí, àwọn mọlémọlé ayé àtijọ́ a máa gbá igi gbọọrọ wọ inú ẹrẹ̀ títí yóò fi kan yanrìn líle, bí ìwọ̀n mítà 12 sí ìsàlẹ̀, kí wọn tó gbé bíríkì lé e. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bo igi náà, kì í tètè jẹrà. Ọmọkùnrin wa kígbe pé: “Bí ti Mákòókò nìyẹn!” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó sọ, kìkì pé òpó ti Mákòókò hàn sí gbangba, ti ibí sì fara sin.

Láti ibẹ̀ ni a kọ orí sí ìwọ̀-oòrùn, sí àdúgbò àwọn odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́. Mẹ́ta ni ó lókìkí jùlọ: Herengracht, odò àwọn ọlọ́lá, Keizersgracht, odò ọba ńlá, àti Prinsengracht, odò ọmọ ọba. Ní ọdún 1613 ni iṣẹ́ gbígbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yí àárín ìlú ká bí ìdajì òṣùpá. Ojú omi ni wọ́n ń gbà kó ọjà dé ẹnu ọ̀nà oníṣòwò. Àwọn ilé náà tẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ̀gùn inú wọn sì há. Nítorí náà ìkọ́ wà ní òkè ilé kọ̀ọ̀kan láti fi okùn fa ẹrù gba ojú fèrèsé. Àwọn ilé mìíràn tilẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹrù má baà máa gbá ara ògiri. Ibi tí ọmọkùnrin wa gbé ń wo òkè báyìí ni kẹ̀kẹ́ ológeere kan ti fẹ́rẹ̀ gbá a lọ. Ìyá rẹ̀ kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ títí di alẹ́.

Ní etí Prinsengracht, a gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì Westerkerk, níbi tí a sin Rembrandt ayàwòrán sí ní ọdún 1669. Nítòsí rẹ̀ ni ilé 263 wà. Inú ẹ̀yìn ilé náà ni Anne Frank, ọmọbìnrin Júù, àti àwọn méje mìíràn sá pamọ́ sí fún ìjọba Násì láti oṣù Keje ọdún 1942, títí wọ́n fi kó wọn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1944. Nínú àwọn mẹ́jọ náà, bàbá rẹ̀ nìkan ni ó yè. A kò ra ìwé ìwọlé sílẹ̀, ẹ̀bi wa sì ni. Nítorí náà òde ni a dúró sí nínú òjò. Ọmọbìnrin wa bèèrè ọjọ́ orí Anne nígbà tí ó wọ ibẹ̀. A ní: “Ọdún 13.” Kò tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí a jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, a gba etí Herengracht, níbi tí ilé àwọn olówó gbé tóbi jùlọ. Ọmọbìnrin wa ni ó pè wá wo àkọlé kan ní ilé 502, ibùgbé olórí ìlú. Ọdún 2006 ni wọ́n fi àkọlé náà síbẹ̀, láti rán ènìyàn létí pé Paulus Godin, tí a kọ́ ilé náà fún ní nǹkan bí ọdún 1672, wà lára àwọn tí ó darí òwò ẹrú. Ọkọ̀ àwọn ará Họ́láǹdì kó ènìyàn tí ó lé ní 500,000 kúrò ní Áfíríkà. Wọ́n rà ní Ẹlímínà. Wọ́n rà ní Àlàdá àti ní Wídà, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ àwọn baba wa. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1863 ni wọ́n tó fi òpin sí oko ẹrú ní Súrínámù. Ní irú ọjọ́ kan náà ní ọdún 2021, olórí ìlú, Femke Halsema, tọrọ àforíjì ní orúkọ Amsterdam; ọba wọn, Willem-Alexander, sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023.

Ọmọbìnrin wa ní: “Ṣé kò wá yẹ kí n sọ pé ilé yìí lẹ́wà mọ́?”

Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé: “Ó lẹ́wà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n rántí àwọn òpó tí a sọ̀rọ̀ wọn ní òwúrọ̀. Ojú kò rí wọn, síbẹ̀ àwọn ni ó gbé ilé ró. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ nípa ilé yìí, sọ méjèèjì fún un.”

Kò jìnnà síbẹ̀ ni Reguliersgracht ti pàdé Herengracht. Ilẹ̀ ti ń ṣú, iná sì ti tàn lórí afárá méje tí ó tò tẹ̀lé ara wọn. Ọmọkùnrin wa ka mẹ́fà, ó ní ó tán. Ìyá rẹ̀ ní kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó sì rí ìkeje. Ìyá rẹ̀ ní: “Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.”

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gbé wa lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú, a rò pé ọmọ náà ti sùn, àfi bí ó ṣe gbójú sókè pé: “Bàbá, bí àwọn wọ̀nyí bá rà wọ́n, ta ni ó tà wọ́n?”

Àwa méjèèjì wo ara wa. Lẹ́yìn náà ni a sọ fún un, láìfi ohun kan pamọ́, pé àwọn ọba àti àwọn oníṣòwò wà nínú àwọn ènìyàn tiwa tí ó tà wọ́n, tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé. Ó bèèrè ibi tí àwọn ilé náà wà. A ṣe ìlérí fún un pé, bí a bá dé Èkó, a óò fi ẹsẹ̀ rìn láti wá wọn.