Plateau ní Niamey: ibi tí títì ọlọ́dà ti ń bí àgbàrá

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìròyìn méjì ló ti Niamey jáde tẹ̀ léra wọn. Èkíní ni pé ìjọba sún ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé láti ọjọ́ kejì oṣù náà sí ìparí rẹ̀, nítorí pé omíyalé ti ba ọ̀pọ̀ iléèwé jẹ́, àwọn tí ilé wọn wó sì ń sùn nínú òmíràn. Ó lé ní 300 ènìyàn tó bá ọ̀ràn náà lọ káàkiri orílẹ̀-èdè Niger, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó fara gbá a. Èkejì ni pé wọ́n yọ orúkọ Charles de Gaulle kúrò lára títì ńlá kan, wọ́n fi orúkọ Djibo Bakary rọ́pò rẹ̀.

Ti orúkọ títì yìí làwọn èèyàn gbé kiri jù, mi ò sì bá wọn wí. Djibo Bakary ni wọ́n dìbò yàn ṣe mẹ́yọ̀ Niamey lọ́dún 1956, òun náà ló sì ní káwọn ará Niger sọ pé rárá fún de Gaulle, olórí ìjọba Faransé, nínú ìdìbò 1958. Àmọ́ ìròyìn ti omi ni mo fẹ́ ká jókòó tì lónìí, torí pé àṣìlóye tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀.

Òjò tó ń rọ̀ ní Niamey lọ́dún kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà 550 lọ. Ìbàdàn ń gbà ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ń rọ̀ tán. Oṣù mẹ́jọ tó kù, oòrùn àti eruku ni. Báwo wá ni omi ṣe ń gbé ilé lọ níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń pa ọkà lóko? Ìdáhùn tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ojú ọjọ́ ti yí padà. Irọ́ kọ́: òjò alágbára ń pọ̀ sí i ní agbègbè Sahel. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn nìkan kò tó, nítorí pé àgbàrá ti ń pọ̀ sí i nígbà tí òjò fúnra rẹ̀ ń dín kù.

Láti nǹkan bí ọdún 1970 títí dé àwọn ọdún 1990, òjò Sahel dín kù gidigidi. Ìyàn mú, ẹran ọ̀sìn kú lọ bẹẹrẹ. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ tó ń wọn omi rí i pé èyí tó ń ṣàn wọ àwọn odò kéékèèké ń pọ̀ sí i, omi abẹ́ ilẹ̀ ní àyíká Niamey náà sì ń gòkè dípò kó lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú wọn lójú débi pé wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè é: àdìtú Niamey.

Ara erùpẹ̀ ni wọ́n ti rí ìdáhùn. Nígbà tí igbó ṣì bo ilẹ̀, ewé àti koríko ni ẹ̀kán òjò ń kọ́kọ́ bá, ikán sì ti dá ihò sínú ilẹ̀ tí omi ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti ro ilẹ̀ náà láìsinmi, tí wọ́n sì gé igi orí rẹ̀ fún ìdáná, òjò yóò máa na erùpẹ̀ ní ìhòòhò. Nínà yẹn ń fọ́ ògúlùtu sí wẹ́wẹ́. Èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ á lọ dí àwọn ihò tóóró tó wà láàárín yanrìn. Bí oòrùn bá wá yan án, èépá tín-ín-rín kan á yọ sójú ilẹ̀, kò ju mìlímítà mélòó kan lọ, ó sì le bí ìsàlẹ̀ ìkòkò amọ̀. Òjò tó bá tún rọ̀ kò níbi tí yóò wọ̀ sí, ó di àgbàrá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àgbàrá yìí ló ń dágún sí àwọn ilẹ̀ tó rì kòtò, ibẹ̀ ló ti ń rọra wọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi kànga fi ń gòkè nígbà tí oko ń gbẹ.

Odò Ọya fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lọ́dún ní Niamey. Omi tó ń ti Guinea bọ̀ gbọ́dọ̀ la àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali kọjá, ó di oṣù kejìlá tàbí lẹ́yìn ọdún tuntun kó tó dé. Èkejì ni omi pupa, tí àwọn odò Gorouol, Dargol àti Sirba ń gbé wá láti apá ọ̀tún ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, erùpẹ̀ tí àgbàrá ha lójú ilẹ̀ ló sì fún un láwọ̀. Nígbà àtijọ́, omi Guinea ló máa ń ga jù. Ní báyìí, omi pupa ló ń ṣọṣẹ́. Lọ́dún 2012 ó kọjá mítà 6 lójú òṣùwọ̀n Niamey. Lọ́dún 2020 ó dé nǹkan bíi mítà 7, ó sì ya wọ àwọn àdúgbò bíi Lamordé ní òdìkejì odò.

Àdúgbò Plateau ní Niamey kò bẹ̀rù ìyẹn. Orí òkè pẹrẹsẹ ló wà, ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé fi yàn án. Nígbà tí wọ́n gbé olú ìlú kúrò ní Zinder wá sí Niamey lọ́dún 1926, apá ìwọ̀-oòrùn ni ọ́fíìsì ìjọba àti ilé Òyìnbó wà, wọ́n sì fi àwọn aláwọ̀ dúdú sí ìlà-oòrùn. Àfonífojì Gounti Yéna ló là wọ́n láàárín, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìkọ́lé sí i. Wọ́n ní ìlera ni àwọn ń rò. Ojú ìyapa ni mo fi ń wò ó. Lónìí, ọgbà ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí lọ́dún 1959 náà wà níbẹ̀.

Gounti Yéna yìí ni wọ́n ń pè ní kórì: ojú àgbàrá tí omi òjò kì í sí nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó wá ń kún láàárín wákàtí kan. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé, àgbàlá oníkọnkéré àti títì ọlọ́dà Plateau, ibẹ̀ ló ń kọrí sí. Ohun tí èépá ń ṣe nínú oko náà ni ọ̀dà àti kọnkéré ń ṣe láàárín ìlú: wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mumi. Nígbà Ààrẹ Mahamadou Issoufou, tó gorí àlééfà lọ́dún 2011, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò Niamey Nyala tún ìlú náà ṣe, títì gbòòrò, afárá sì pọ̀. Mo gbà pé ìlú nílò wọn. Ṣùgbọ́n mítà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n da ọ̀dà sí jẹ́ omi kún omi fún àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀.

Ìdọ̀tí ló wá ń dí omi yìí lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà ló ń kó pàǹtí ọ̀pọ̀ ilé, èyí tí kò bá sì dé ààtàn, gọ́tà ló ń bọ́ sí. Òfin tó ka ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léèwọ̀ ti wà ní Niger láti ọdún 2014. Ọ̀rá ṣì wà ní gọ́tà. Tí yanrìn bá bá a níbẹ̀, ẹnu gọ́tà á pa dé.

Ta ló yẹ kó kó ìdọ̀tí náà? Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà ní Niamey, ti ìlú lápapọ̀ sì wà lókè wọn. Lọ́dún 2017, ìjọba yọ mẹ́yọ̀ ìlú nípò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn ológun tó gbàjọba ní 2023 tú gbogbo ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ká, wọ́n sì yan àwọn alákòóso rọ́pò wọn. Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ mi pé èyí ló mú kí omi wọlé ẹnikẹ́ni, alákòóso tí wọ́n yàn sì lè ṣiṣẹ́ ju ẹni tí wọ́n dìbò fún lọ. Ohun tí mo rò ni pé iṣẹ́ gọ́tà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ọdọọdún ni, ẹni tó ń ṣe é sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí aládùúgbò ti lè kan ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa kún ní Ìbàdàn tó pa ju 200 èèyàn lọ. Wọ́n fi kọnkéré tún ojú odò náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ omi tún ṣọṣẹ́ káàkiri Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, òjò kì í sábà rọ̀ ní Niamey. Mo bẹ àwọn alákòóso Plateau pé kí wọ́n lo àkókò yẹn láti kó yanrìn àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà àti nínú kórì, kí wọ́n sì má fọwọ́ sí títì tuntun kankan láìkọ́kọ́ wo ibi tí omi rẹ̀ yóò gbà.