Àlọ́ Àpamọ̀ Gẹ́gẹ́ bí Ọgbọ́n Ìkọ́ni ní Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Kejì

Ìfáárà
Nínú Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí ó jáde ní ọdún 1977, ìjọba là á kalẹ̀ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú Haúsá, Ígbò àti Yorùbá ní àfikún sí èdè abínibí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, àkọ́sórí ni ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́. Olùkọ́ a kọ ogún ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ a dà á kọ, ó parí. Ọmọ náà lè gba máàkì nínú ìdánwò, síbẹ̀ kí ó má lè fi ọ̀rọ̀ náà ra iṣu lọ́jà.

Ohun tí kò ṣàjèjì
Haúsá ní kacici-kacici, Ígbò ní gwam gwam gwam, Yorùbá sì ní àlọ́ àpamọ̀. Ọmọ tí ó bá wá láti ilé wọ̀nyí ti mọ bí a ti ń fi àpèjúwe wá ohun tí a pamọ́. Èdè nìkan ni ó jẹ́ tuntun sí i.

Ìlànà eré náà
Kí olùkọ́ kó ohun èlò ìdáná mẹ́fà sínú apẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi aṣọ bò ó: ọmọ-orógùn, ìkòkò, asẹ́, ṣíbí, abẹ̀bẹ̀ àti igbá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò yọjú wò wọ́n, yóò sì fi ọ̀kan sọ́kàn. Àwọn yòókù yóò bi í ní ìbéèrè tí kò ju mẹ́wàá lọ: ‘Ṣé igi ni a fi ṣe é?’ ‘Ṣé a máa ń gbé e ka iná?’ ‘Ṣé òun ni a fi ń ro àmàlà?’ ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ tàbí ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ nìkan ni ìdáhùn.

Ó yẹ kí àwọn ìbéèrè àwòṣe wà lójú pátákó kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ yóò sá padà sí. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ fi nǹkan pamọ́, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ó ní láti gbọ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yé.

Ọ̀rọ̀ àti ohùn
Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ètò ohùn Haúsá àti ti Ígbò. Yorùbá ní ohùn àárín pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ìṣòro máa ń wà. Nítorí náà, ní ìpele kejì, kí olùkọ́ ya àwòrán ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí páálí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò pe ọ̀kan, ọ̀wọ́ rẹ̀ yóò sì gbé àwòrán rẹ̀ sókè. Bí ó bá fẹ́ pe ọkọ́ tí a fi ń roko, tí ohùn rẹ̀ kò gòkè, àwòrán ọkọ ìyàwó ni wọn yóò gbé. Ẹ̀rín yóò sọ. Àṣìṣe yóò hàn láìjẹ́ pé olùkọ́ bá ẹnikẹ́ni wí.

Àgbálọgbábọ̀
Eré yìí kò gba ipò ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Kí ẹ̀kọ́ tó parí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi gbólóhùn méjì ṣe àpèjúwe ohun kan láìdárúkọ rẹ̀, kí a sì fi ìwọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ó bá lè fi Yorùbá tirẹ̀ pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ẹlòmíràn ti kọjá àkọ́sórí.