Rọ́bọ́ọ̀tì Tí Ń Wá Ènìyàn Lábẹ́ Àwókù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ará Ìlú Mọ̀

Nígbà tí ilé bá wó, ẹni tó bá sáré wọlé lọ yọ àwọn tó há sábẹ́ rẹ̀ lè bá a lọ. Èyí tó kù lókè lè ya lulẹ̀, gáàsì sì lè ti kún ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tó lè ṣíwájú ènìyàn wọlé. Ìwé yìí ṣàlàyé ibi tí agbára ẹ̀rọ náà mọ, àti ipa tí ẹ̀yin ará ìlú ní láti kó.

Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe?
Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jọ ènìyàn rárá. Àwọn kan kéré débi pé wọ́n wọnú báàgì, àwọn kan rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò, àwọn mìíràn ń fò. Òṣìṣẹ́ kan wà níta tó ń darí wọn, tó sì ń wo ohun tí kámẹ́rà wọn bá rí. Ẹ̀rọ ń wá ènìyàn. Àwọn adóòlà ẹ̀mí ló ṣì ń fọwọ́ ara wọn yọ ọ́.

Níbo ni ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀?
Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, ìmìtìtì ilẹ̀ ba ìlú Kobe jẹ́ ní Jàpáánù, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 6,000. Àjálù yìí ló mú kí Satoshi Tadokoro, tó ń kọ́ni ní yunifásítì ìlú náà, dojú ìmọ̀ rẹ̀ kọ rọ́bọ́ọ̀tì adóòlà ẹ̀mí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n kó irú rọ́bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ lọ sí àwókù World Trade Center ní New York. Àwọn ẹ̀rọ náà wọ ihò tí ènìyàn àti ajá kò lè wọ̀. Wọ́n rí òkú, ṣùgbọ́n wọn kò rí alààyè kankan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò?
Ní College Station, ní Texas, ibùdó kan wà tó tóbi tó éékà 52, tí wọ́n ń pè ní Disaster City. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ to àwókù ilé àti ọkọ̀ ojú irin tó dojú dé síbẹ̀ fún ìdánrawò. Àjọ NIST ní Amẹ́ríkà náà ti gbé òdiwọ̀n kalẹ̀: rọ́bọ́ọ̀tì á gun àtẹ̀gùn tàbí ilẹ̀ gbágungbàgun léraléra, wọ́n á sì ka iye ìgbà tó yege.
Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ẹgbẹ́ 23 díje ní Pomona, ní California. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún rọ́bọ́ọ̀tì wọn kò ju kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó yí fáàfù, kí ó gun àtẹ̀gùn, àti irú wọn. Púpọ̀ ṣubú lulẹ̀. Ẹgbẹ́ KAIST láti Kòríà Gúúsù ló gbégbá orókè. Ìṣẹ́jú 44 àti ìṣẹ́jú àáyá 28 ni wọ́n fi parí iṣẹ́ mẹ́jọ.

Kí ni kò tíì lè ṣe?
Wáyà lásán lè dá a dúró. Ní ọdún 2011, Quince, rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ará Jàpáánù, wọ iléeṣẹ́ núkílíà Fukushima lọ wo ibi tí ìtànṣán olóró kò jẹ́ kí ènìyàn dé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, wáyà tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ bàjẹ́, kò sì lè jáde mọ́. Bí a kò bá fi irú ìkùnà bẹ́ẹ̀ pa mọ́, ẹ̀rọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dára ju ti ìṣáájú lọ.

Kí ni ipa tiyín?
Rọ́bọ́ọ̀tì kò mọ ẹni tó ń gbé yàrá wo. Ẹ̀yin aládùúgbò lẹ mọ̀ ọ́n. Bí ilé bá wó:

• Ẹ pe 112 kíákíá. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ tún lè pe 767.
• Ẹ má ṣe gun orí àwókù.
• Bí wọ́n bá ní kí gbogbo èrò dákẹ́, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti rédíò, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀.
• Bí ẹ̀yin gan-an bá há, ẹ kan páìpù tàbí ògiri. Bí ẹ̀rọ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sọ̀rọ̀ sí i, ẹ má fa wáyà rẹ̀.
• Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ iye àwọn tó wà nílé, àjà tí wọ́n wà, àti ibi tí ẹ ti rí wọn gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wá.