Báwo lẹ ṣe lè yan ìwé ìtàn tí gbogbo ilé yóò jọ gbádùn?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí àwọn olùkọ́ máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìwé kẹfà. Ó ní èsì ìdánwò àṣekágbá kò dára ní àwọn agbègbè tó ń fi èdè abínibí kọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa lò báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Fún àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Accra, Abidjan tàbí Kano, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ wọn ń lọ kì í sábà fi Yorùbá kọ́ni. Ohun tí ọmọ bá máa gbọ́ nínú èdè náà, ilé ló ti máa gbọ́ ọ.

Ọ̀nà kan tó rọrùn ni kí òbí máa ka ìwé ìtàn sókè lálẹ́, kí tọmọdé tàgbà inú ilé jọ máa gbọ́. Àmọ́ bí ọ̀pọ̀ òbí bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tàwé, ìwé tó bá kíláàsì ọmọ mu ni wọ́n máa ń béèrè. Ìwé tó dára fún kíláàsì sì lè má dùn létí.

Ẹ kà á sókè kí ẹ tó sanwó

Ẹ ṣí ìwé náà sí àárín, kí ẹ ka ojú ewé kan sókè. Bí gbólóhùn bá gùn débi pé èémí yín fẹ́ tán kí ẹ tó kà á parí, ẹ dá a padà. Ẹ wò ó bóyá àwọn èèyàn inú ìtàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ ti lè yí ohùn padà. Ẹ tún wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tó ń padà wá, tí ọmọ lè gbà lẹ́nu yín.

Àwọn apàlọ́ ti mọ èyí tipẹ́. Orin wà nínú àlọ́ ìjàpá, àwọn tó jókòó ń gbọ́ ló sì máa ń ṣe ègbè.

Atinuke, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Wales, jẹ́ apàlọ́ kó tó di òǹkọ̀wé, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú Baby Goes to Market, tó jáde lọ́dún 2017, ìyá kan pọn ọmọ lọ sọ́jà. Wọ́n fún ọmọ náà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà, ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú apẹ̀rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ rù. Wọ́n tún fún un ní ọsàn márùn-ún, ó jẹ ọ̀kan, ó ku mẹ́rin. Ìyá kò mọ̀, àmọ́ ọmọ tó ń gbọ́ ìtàn mọ̀, ohun tó sì máa pa á lẹ́rìn-ín nìyẹn. Kódà ọmọ ọdún mẹ́ta lè máa bá yín ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Ẹ má sá fún ìwé Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé

Kì í ṣe gbogbo ìlú lẹ ti lè rí ìwé ọmọdé lédè Yorùbá rà. Àmọ́ bí ìwé bá ní àwòrán tó dára, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì pọ̀, ẹ lè fi Yorùbá sọ ọ́, èdè yòówù tí wọ́n ì báà fi kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ dá kà á, kí ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa pe àwọn nǹkan inú rẹ̀. Àwọn òbí ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé àwòrán tí ilé ìtẹ̀wé Ruisseaux d'Afrique ń tẹ̀ ní Cotonou.

African Storybook, iṣẹ́ àjọ Saide ní South Africa, ní àwọn ìtàn ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá sì wà lára wọn. Ẹ lè gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa kà á láìná dátà mọ́.

Bó bá jẹ́ ìwé Yorùbá, ẹ wò ó bóyá àmì ohùn pé. Bí kò bá sí àmì, báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ mọ igba náírà yàtọ̀ sí igbá ẹmu, ìgbà òjò tàbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ? Àgbàlagbà lè rí i fà yọ nínú ìtàn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó fẹ́ kà á fún àbúrò rẹ̀ yóò kọsẹ̀.

Ṣé kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́?

Ìbẹ̀rù yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn.

Ìtàn tó wúwo náà ní àyè tirẹ̀

Nígbà mìíràn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ló yẹ kó yan ìwé. Ilé tí ọmọ kan ti ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lè ka Boom Boom, ìwé tí Jude Idada kọ lórí àìsàn náà, tó sì fi gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ NLNG lọ́dún 2019. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ló wà fún.

Nínú Sosu's Call, tí Meshack Asare ọmọ Ghana kọ, ọmọkùnrin kan wà tí kò lè rìn. Àwọn ará abúlé ní kí wọ́n máa fi í sílé. Lọ́jọ́ tí òkun ya wọ abúlé, tí àwọn géńdé ti lọ síbi iṣẹ́, òun ló wọ́ dé ìdí ìlù, tó lù ú títí tí wọ́n fi sáré wálé. UNESCO fún ìwé náà ní ẹ̀bùn lọ́dún 1999.

Ẹ kọ́kọ́ ka irú ìwé báyìí tán fúnra yín. Ọmọ lè bi yín ní ìbéèrè láàárín ìtàn. Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ dá a lóhùn.

Bí ọjọ́ orí àwọn ọmọ kò bá dọ́gba ńkọ́?

Ẹ wá ìwé tó pín sí ìtàn kéékèèké. Anna Hibiscus, tí Atinuke bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lọ́dún 2007, dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń gbé pẹ̀lú òbí, ìyá àgbà, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n òbí àti àwọn ìbejì tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ nínú ilé kan ṣoṣo. Ìtàn kan tó fún alẹ́ kan. Bí ìyá àgbà bá wà nílé tí kò mọ̀wé, ẹ fi àwòrán hàn án, kí ó sọ irú èyí tó ṣojú òun.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa yan ìwé ní alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n lè mú èyí tí ẹ kà lánàá, kí wọ́n tún mú un lọ́la. Ẹ má bínú. Ìwé tí ọmọ ń béèrè lẹ́ẹ̀kẹta ni ẹ rà tó tọ́, ẹ ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré.