Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Háńdù Lotus wà lára Morris

Lọ́dún 1977, Lotus Esprit funfun kan já sínú òkun nínú fíìmù James Bond, ó sì di ọkọ̀ abẹ́ omi. Gbogbo ayé lanu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé háńdù ìlẹ̀kùn ọkọ̀ olówó gọbọi yẹn ò yàtọ̀ sí ti Morris Marina, ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn.

Ìdí ni pé ilé iṣẹ́ tí ọkọ̀ tó ń ṣe lọ́dún ò tó nǹkan kì í fẹ́ náwó sórí háńdù tirẹ̀. Irú háńdù Marina yẹn náà ló wà lára Austin Allegro àti Triumph TR7.

Torí náà, ẹni tí háńdù Esprit àtijọ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ lè wá ti Marina tàbí TR7 lọ. (Bí wọ́n bá kọ “Lotus” sára páálí rẹ̀, owó lè gorí owó o!) Àmọ́ háńdù ọ̀tún kì í wọ òsì. Irin kékeré ẹ̀yìn lọ́ọ̀kù tó wà lára háńdù náà gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, ní gígùn àti bó ṣe tẹ̀. Kó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó sanwó. Láti orí Esprit S4, háńdù Vauxhall Calibra ni wọ́n lò, ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Bí ihò kọ́kọ́rọ́ lọ́ọ̀kù méjèèjì bá jọra, agékọ́kọ́rọ́ tó mọṣẹ́ lè tú lọ́ọ̀kù náà, kó pààrọ̀ àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ lè máa ṣí i.